Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Owó Ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Wa: Ẹ Tún Ọ̀rọ̀ Ọmọ Yìí Gbé Yẹ̀wò

Sí Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Owó Ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa,
Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, àti ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Olúmọ á máa bò wá.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ Ìjemọ̀, pé ẹ ò ní fún un lówó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gbà á láti kọ́ human factors psychology, ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì tó ń wo bí èèyàn ṣe ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, dìgírì àkọ́kọ́ àti másítáàsì pa pọ̀, ọdún márùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti bá a dín owó kù. Èyí tó ṣẹ́ kù ni àwọn òbí rẹ̀ ń sáré lé, ìdí nìyẹn tó fi kọ̀wé sí yín. Lẹ́tà tí ẹ fún un kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹ ní ohun tó fẹ́ kọ́ kò sí lára iṣẹ́ tí ìlú nílò. Ẹ ní owó ẹgbẹ́ ò wà fún dìgírì méjì. Ẹ tún ní kò kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀kan nínú yín wá lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú, níbi tó ti ń tà àdìrẹ, ó sọ fún un lójú àwọn oníbàárà pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ wèrè lọmọ fẹ́ kọ́, ọsibítù ọpọlọ ní Aro ò jìnnà.

Èmi ò bá wọn tan. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń san owó ẹgbẹ́ mi déédéé. Mo ti kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí akọ̀wé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ síta nìyẹn, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè bá wa dá sí i.

1. Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ Aro bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ní ìlú yìí, ẹni bá dárúkọ sàíkọ́lọ́jì, Aro ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ kò yẹ kí ọmọ Ẹ̀gbá máa fi Aro bú èèyàn. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ní 1923, Baptist Boys' High School ló lọ, kó tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Aro ní 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ló fi wọ́n sí, wọ́n ń bá ará abúlé gbé, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń wá gba ìtọ́jú. Àwọn dókítà òyìnbó wá wo bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ká ní ìgbìmọ̀ tiyín ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ nípa ọpọlọ, mi ò mọ ohun tí ẹ ò bá sọ fún ìyá òun náà.

Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ kọ́ ò kan Aro. Human factors kì í tọ́jú aláìsàn. Èèyàn tí ara rẹ̀ dá, tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ló ń wò: ohun tí ojú rẹ̀ lè tètè rí, ohun tí etí rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀ nínú ariwo, iye nǹkan tó lè rántí lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà tí oorun ń mú ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra. Wọ́n ń wọn gbogbo rẹ̀, wọ́n ń ṣírò rẹ̀, wọ́n wá ń lò ó láti ṣe ẹ̀rọ àti ọkọ̀, títí dé orí páálí oògùn, lọ́nà tí èèyàn ò fi ní tètè ṣì í lò. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

2. Ẹ ní ìlú ò nílò rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfurufú B-17 ti Amẹ́ríkà á balẹ̀ láyọ̀, àmọ́ awakọ̀ á tún fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọlé nígbà tó ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ ńlá á sì fi ikùn wọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gá ológun ní àìfarabalẹ̀ awakọ̀ ni. Ní 1943, Alphonse Chapanis, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì, wọ inú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí lọ wò ó. Ó rí i pé ohun tí wọ́n fi ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń darí flaps tó wà lẹ́yìn apá ọkọ̀ jọra wọn bí ìbejì, wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Awakọ̀ tó ti rẹ̀, tó ń bọ̀ láti ojú ogun, á na ọwọ́ sí ọ̀kan, á mú ìkejì. Nínú ọkọ̀ C-47, níbi tí méjèèjì ò ti jọra, àṣìṣe yìí ò wọ́pọ̀. Chapanis bá fi rọ́bà tó rí róbótó bíi táyà sórí ti ẹsẹ̀, ó fi èyí tó rí pẹlẹbẹ sórí ti flaps. Ọwọ́ nìkan tó láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, bí òkùnkùn tiẹ̀ ṣú. Títí dòní ni ti ẹsẹ̀ ṣì ń rí bíi táyà nínú ọkọ̀ òfurufú ńlá. Lẹ́yìn ogun, ní 1947, Paul Fitts àti Richard Jones gba ìròyìn 460 tí wọ́n pè ní àṣìṣe awakọ̀ jọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni pé awakọ̀ fa ohun kan, ó rò pé òmíràn lòún fà.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú jìnnà sí wa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Kútọ̀. Ẹ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń jáde ní gáréèjì ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo inú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Iná pupa kẹta kan wà lágbedeméjì, lókè àwọn méjì yòókù, tó ń tàn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan tó ń jẹ́ John Voevodsky ló fi hàn pé irú iná bẹ́ẹ̀ wúlò. Ó so iná kẹta mọ́ takisí 343 ní San Francisco, ó fi 160 sílẹ̀ láìní i, ó wá ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ mìíràn á kọ lù wọ́n látẹ̀yìn. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 1974, ìkọlù ẹ̀yìn ti fi nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tó ní iná náà. Láti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọdún 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ iná kẹta di dandan. Gbogbo wa tí a ń wọ tòkúnbọ̀ ní ìlú yìí ń jẹ àǹfààní ìwádìí náà, àyàfi àwọn tí gílóòbù tiwọn ti jó tí rewáyà sọ fún pé ìyẹn ò ṣe pàtàkì.

Tèmi gan-an ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí ojú mi ló ṣe. Mo ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi tí a fi ń po abẹ́rẹ́ àti potassium chloride, inú ìgò kékeré tí a ń ṣẹ́ lọ́rùn ni méjèèjì ń wá. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Gíga kan náà ni, méjèèjì mọ́ gaara, lẹ́tà búlúù tín-ín-tín-ín ló wà lára wọn, inú tíréè kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kó wọn sí. Potassium yẹn, inú omi púpọ̀ la máa ń po ó sí, kó máa kán wọ ara aláìsàn díẹ̀díẹ̀. Bí a bá gún un sí iṣan bẹ́ẹ̀ láìpò, ọkàn lè dúró lójú ẹsẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ. Nọ́ọ̀sì kékeré kan fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ṣẹ́ ìgò, ó ti fa ohun tó wà níbẹ̀ sínú sírínjì kí ẹnì kejì rẹ̀ tó mú ìgò tó ṣófo náà sún mọ́ iná, tó kà á, tó figbe ta. Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n fún ọmọ náà ní kúẹ́rì pé kò fara balẹ̀. Tíréè yẹn ò kúrò níbi tó wà. Kò pẹ́ kò jìnnà, àgbà nọ́ọ̀sì kan, ẹni tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń fi ìfarabalẹ̀ rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, tún mú ìgò tí kì í ṣe èyí tó fẹ́ mú.

Ní England, ní 2002, àjọ tó ń rí sí ààbò aláìsàn ní kí àwọn ọsibítù kó potassium líle yìí kúrò láàárín oògùn wọ́ọ̀dù, kí wọ́n máa tì í mọ́ ibi ọ̀tọ̀. Wọn ò dúró dìgbà tí gbogbo nọ́ọ̀sì á di áńgẹ́lì. Lọ́dọ̀ tiwa, kúẹ́rì la mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni tó lè wo tíréè yẹn, tó lè ṣàlàyé ìdí tí ojú fi ń ṣì í mú, tó sì lè dán àtúnṣe wò kó fi òǹkà gbè é lẹ́sẹ̀, òun la ò ní tó. Nǹkan tí ọmọ yìí fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn.

Mi ò ní máa ka gbogbo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ á ti wúlò. Ẹ̀yin náà ń gba ojú ọ̀nà Èkó, ẹ ń rí awakọ̀ tánkà tí kò sùn. Símẹ́ńtì wà ní Ẹ̀wẹ́kórò. Reluwé tuntun ń dúró ní Ládẹ̀rin láti 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí ọ̀nà Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Ẹ ò lè sọ fún mi pé kò sí èèyàn níwájú ẹ̀rọ ní gbogbo ibẹ̀.

3. Mo gbọ́ pé ohun tó tún bí ìgbìmọ̀ nínú ni pé ọmọ náà ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣàlàyé, ẹ ní ó yájú, pé ta ló ń kọ́ àgbà.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹta, 1977, ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì, ọ̀kan ti ilé iṣẹ́ KLM, ọ̀kan ti Pan Am, kọ lu ara wọn lórí ilẹ̀ ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti Spain. Èèyàn 583 ló kú. Kùrukùru bo pápá, ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjèèjì ṣì wà lójú ọ̀nà tí èkejì fẹ́ gbà gbéra. Ọ̀gá tó ń wa ti KLM kì í ṣe ẹni kékeré, òun ló ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn níṣẹ́. Bó ṣe ń sáré láti gbéra, ẹnjiníà ọkọ̀ tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ Pan Am ò tíì kúrò lọ́nà. Ọ̀gá dá a lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé ó ti kúrò. Ẹnjiníà dákẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu ọmọ iṣẹ́ dé etí ọ̀gá ò dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ, rédíò náà sì tún da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn létí.

Àwọn onímọ̀ human factors wà lára àwọn tó jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1979, nígbà tí NASA pe àpérò lórí rẹ̀, wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú bí kékeré ṣe lè kìlọ̀ fún àgbà láìrí i fín, àti bí àgbà ṣe lè gbọ́ ọ láìbínú. Ó ti di dandan káàkiri ayé, ó sì ti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú. Ẹ sọ fún mi, orílẹ̀-èdè wo ló nílò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó tiwa, níbi tí ọmọ iṣẹ́ á ti rí i pé ọ̀gá fẹ́ ṣìṣe, táá sì máa sọ pé "ẹ má bínú sà, mo ní kí n béèrè ni"? Mi ò sọ pé ká má kúnlẹ̀, ká má dọ̀bálẹ̀. Wọ́n kọ́ èmi náà nílé, mo sì kọ́ àwọn ọmọ mi. Àmọ́ bí ẹ bá ka ìbéèrè ọmọ ọdún méjìdínlógún sí ìyájú, ẹ ti fi ẹ̀rí gbe ohun tó fẹ́ lọ kọ́ lẹ́sẹ̀.

4. Ọ̀rọ̀ dìgírì méjì. Ó dá mi lójú pé ẹ ò ka ìwé tó kó wá fún yín, torí gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ yín. Bí irú ètò yìí ṣe ń lọ nìyí: ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí ẹni tó ń kọ́ dìgírì àkọ́kọ́ ń kọ́ lòun náà á máa kọ́, bíi bí ojú àti etí ṣe ń ṣiṣẹ́, bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, ìṣirò sítátísíìkì, bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, bí èèyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn ṣe. Ní ọdún kẹta, wọ́n á wo máàkì rẹ̀. Bó bá dára tó, ní ọdún kẹrin á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kọ́ọ̀sì másítáàsì díẹ̀, wọ́n á sì kà á mọ́ dìgírì méjèèjì. Ọdún karùn-ún ló máa fi parí. Bí máàkì rẹ̀ ò bá dára tó, á gba dìgírì àkọ́kọ́ rẹ̀, á máa bọ̀ nílé, kò sí ohun tó sọnù. Ẹni tó bá kọ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún, ọdún mẹ́fà ni yóò sáábà lò. Ọdún kan tí a yọ kúrò yẹn, owó ilé ni, owó oúnjẹ ni, owó ìwé ni, dọ́là sì ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, ẹ wo ètò human factors ti Embry-Riddle ní Daytona Beach, Florida, yunifásítì tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ ọkọ̀ òfurufú. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí níbẹ̀.

Ẹnì kan nínú yín béèrè pé ṣé kò sí sàíkọ́lọ́jì nílé ni. Ó wà. Ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì wà níbẹ̀. Àmọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ la ń ka B.Sc. àti M.Sc. nílé, NYSC á bọ́ sáàárín, ASUU náà á sì gba tirẹ̀. Ẹ rántí 2022: láti ọjọ́ 14, oṣù kejì, dé ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ilé làwọn ọmọ wa jókòó sí.

Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù: ìgbìmọ̀ yín yìí kan náà ń san owó fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn. Ọdún mẹ́fà ni. MBBS tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, dìgírì méjì ni, ọ̀kan ti ìṣègùn, ọ̀kan ti iṣẹ́ abẹ. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde ní ìpàdé kó ní ká yọ ọ̀kan kúrò.

5. Fọ́ọ̀mù.

Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ akọ̀wé, mo sì kọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ gbowó. Wọ́n ti fi fotokópì ṣe fotokópì rẹ̀ títí àwọn ìlà àpótí kéékèèké ibẹ̀ fi ń parẹ́. Ní ojú ìwé kejì, ẹ kọ "Yan ọ̀kan", ẹ fi àpótí méjì sí i: dìgírì àkọ́kọ́, másítáàsì. Ìwé tí yunifásítì fún ọmọ náà sọ pé méjèèjì ni. Ó máàkì méjèèjì. Kò sí àyè tó lè fi ṣàlàyé, ló bá kọ ọ́ sí etí ìwé pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Ẹ wá ní kò tẹ̀ lé ìlànà. Bó bá máàkì ọ̀kan ṣoṣo, irọ́ ló pa fún yín nìyẹn, ẹ ì bá sì ti fún un lówó. Nǹkan mìíràn tí mo rí: gbèdéke ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba fọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn ìwé kẹta, nísàlẹ̀, lábẹ́ orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Bàbá kan ní Àsẹ̀ró sọ fún mi pé ohun tó fa á tí ọmọ òun fi pẹ́ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, òun rò pé ọmọ náà jẹ́ ọ̀lẹ ni.

6. Ohun tí mo ń béèrè.

Ẹni tó lọ sí Ìtòkú, kó padà lọ bẹ ìyá yẹn níbi tó ti bú u gan-an, lójú àwọn tó gbọ́ ọ.

Ẹ pe ọmọ náà wá síwájú ìgbìmọ̀, kó tó di ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ní kó san owó tó máa fi di àyè rẹ̀ mú. Kí ẹnì kan tó mọ̀ nípa sàíkọ́lọ́jì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àgọ́-Ìwòyè ò jìnnà, mo sì ṣetán láti wá olùkọ́ kan tó máa wá láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ fi owó náà sílẹ̀ fún ọdún márààrún, kí ẹ so ti ọdún kẹrin àti ìkarùn-ún mọ́ èsì ìdánwò rẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á máa wá ṣe ìwádìí ní àwọn ọsibítù tàbí gáréèjì ìlú yìí nígbà ọlidé. Ó tọ́ kí ẹgbẹ́ jẹ nínú ohun tó bá gbìn.

Ẹ tún fọ́ọ̀mù kọ. Ẹ fún ọmọdé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n kọ ọ́ lójú yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ibi tí gbogbo wọn ti ń dúró.

Bó bá sì jẹ́ pé owó ni ò tó, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ ní gbangba, ká má fi ẹ̀ṣẹ̀ sọ́rùn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wa la mọ iye tí à ń kó sílẹ̀ fún aṣọ ẹgbẹ́ bí ọdún Lísàbí bá ti ń sún mọ́lé. Ẹ yọ tèmi kúrò nínú aṣọ ọdún yìí, kí ẹ fi kún owó ọmọ náà. Mo ti bá àwọn obìnrin márùn-ún kan sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́, àwọn náà ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tàwọn. Mo ti ní kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ yìí sí àjẹ́ńdà ìpàdé tó ń bọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, màá dìde sọ ọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi ni tiyín nínú ẹgbẹ́,
Mátírọ́nù tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà, Abẹ́òkúta.